Ọ̀rọ̀ tó kọjá ẹkún: Ohun tí Ouagadougou lè kọ́ wa nípa ìfaradà ọkàn

Kò sí ilé tí kò ní ohun tó ń bá a fínra lásìkò yìí.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ìkíni ibẹ̀ máa ń gùn bíi tiwa. Wọ́n á béèrè bí ẹni ṣe jí, wọ́n á béèrè ará ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ jù lédè Mooré, èdè àwọn Mossi, ni "laafi". Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣe àjèjì sí Yorùbá. Òun ni Hausa ń pè ní "lafiya", òun náà ni àwa ń pè ní "àlàáfíà". Láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá.

Àmọ́ ẹni tí ogun lé kúrò lábúlé rẹ̀ náà máa ń dáhùn pé "laafi". Ọ̀dọ̀ tiwa náà ńkọ́? Ẹni tí kò rówó ilé ìwé ọmọ san ń sọ pé "a dúpẹ́". Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta ń sọ pé "kò burú".

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lónìí nìyí: báwo ni èèyàn ṣe lè fara da ìnira ojoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó ń kú díẹ̀díẹ̀ sínú? Ohun tí ará Ouagadougou ń ṣe fi hàn pé ìfaradà ọkàn kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan ń dá gbé. Àwọn èèyàn ló ń bá ara wọn gbé e, wọ́n sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e kí wàhálà tó dé.

Kí ni ojú ará Ouagadougou ti rí?

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, òjò kan rọ̀ ní ìlú náà tí àwọn èèyàn kò tíì gbàgbé. Mílímítà 263 ni omi tó rọ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Omi ya wọ ilé, ó ya wọ ọjà, ó tún ya wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo. Nǹkan bí 150,000 èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní òpin oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, ará ìlú tú jáde sí ìgboro títí Ààrẹ Blaise Compaoré fi kúrò lórí oyè lẹ́yìn ọdún 27. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ààrẹ gbìyànjú láti fipá gbàjọba ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, ṣùgbọ́n wọn kò rí i ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí dún láàárín ìlú. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2016, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu ilé oúnjẹ Cappuccino àti ilé ìtura Splendid. Èèyàn 30 ló kú. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, wọ́n tún kọlu ilé oúnjẹ Aziz Istanbul, ní òpópónà Kwame Nkrumah kan náà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2018, ó kan ilé iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ Faransé àti olú ilé iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun. Nígbà tó di ọdún 2022, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ológun gbàjọba: ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní ìgbèríko, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, ọdún 2023, ìjọba ti ka àwọn tí ogun lé kúrò nílé tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan nínú wọn wà ní Ouagadougou lọ́dọ̀ ẹbí àti ojúlùmọ̀. Ẹni tó ní oko àti ẹran ọ̀sìn lánàá ti di ẹni tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́ lónìí. Ní kòtò òkúta tó wà ní àdúgbò Pissy, láàárín ìlú náà gan-an, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta, wọ́n sì ń fi orí rù ú gòkè. Owó tó ń tibẹ̀ wọlé kò tó nǹkan.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rìn kọjá ní ìrọ̀lẹ́ máa gbọ́ ẹ̀rín. Kí ló fà á?

Rakiire: ẹ̀rín tó ń dé ibi òkú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ní Burkina Faso, òwe yìí ti di àṣà tó ní òfin tirẹ̀. Rakiire ni wọ́n ń pè é lédè Mooré.

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn ẹ̀yà kan wà tí àṣà fún láàyè láti máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mossi àti Samo ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Bobo àti Fulani náà ń ṣe é, Bissa àti Gurunsi náà ń ṣe é. Mossi lè pàdé Samo tí kò rí rí ní ọ́fíìsì tàbí ní ọjà, kó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹrú òun ni, kó tún bi í pé ta ló jẹ orí ajá àná tán. Samo á ní kí ẹrú kọ́kọ́ kí olówó rẹ̀ ná. Ti Bissa, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà wọn, pé kò sí ohun tí wọn kò ní ṣe nítorí ẹ̀pà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ló pàdánù.

Ẹni tó bá ti wà níbi tí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ń ta ara wọn ní àwàdà máa mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí. Títí di òní, ẹ ṣì lè pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló, kó rántí àwọn bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ẹ̀rín ni yóò fi gbà á.

Ibi tí rakiire ti yàtọ̀ ni pé ó máa ń tẹ̀lé èèyàn dé ibi ìsìnkú. Tí Mossi bá kú, ìbátan ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ Samo lè dé síbẹ̀ kó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó gbé òkú. Ó lè wọ inú sàréè lọ, kó dùbúlẹ̀, kó ní òun kò ní jáde àyàfi tí wọ́n bá fún òun lówó. Ó lè máa sín olóògbé jẹ: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń bá ọmọ wí. Láàárín àwọn Mossi fúnra wọn, tí àgbàlagbà bá kú, ìyàwó ilé kan lè wọ aṣọ rẹ̀ kó máa ṣe bíi tirẹ̀ kiri agbo ilé. Àwọn tó ń sunkún á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún padà sẹ́nu ẹkún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí ń ṣe fún ọkàn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ní kí opó má sunkún. Ẹkún ní àyè tirẹ̀, ẹ̀rín náà sì ní tirẹ̀, ọkàn wá rí ibi mí láàárín méjèèjì. Ìkejì, ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín kì í ṣe ará ilé tí ìbànújẹ́ ti bò mọ́lẹ̀. Ará ìta ni, agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: opó kò ní láti ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìbátan ẹ̀fẹ̀ ni láti wá, bí kò bá wá ni wọ́n máa béèrè rẹ̀.

Tí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, ìbátan ẹ̀fẹ̀ lè dá sí i, kó ní nítorí òun, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ṣòro láti kọ̀ fún un. Burkina Faso nìkan kọ́ ló ní irú àṣà yìí. Ó wà ní Mali, ó wà ní Niger. Kódà, ní ọdún 2014, àjọ UNESCO fi ti Niger sínú àkójọ àwọn ogún àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ibi tí agbára ẹ̀rín mọ

Kì í ṣe pé ẹ̀fẹ̀ ń wo gbogbo àrùn. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa èèyàn ní Yirgou, ní àárín gbùngbùn àríwá orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọlọ́dẹ ìlú kọlu àwọn Fulani tó wà lágbègbè náà láti gbẹ̀san. Ìjọba ní èèyàn 49 ló kú. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní iye wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní orílẹ̀-èdè tó ní rakiire ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Tí ìbẹ̀rù bá pọ̀ jù, tí ìjọba kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ẹ̀fẹ̀ nìkan kò lè dá ọ̀bẹ dúró.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ ìfaradà pa ẹnu àwọn tí ìyà ń jẹ mọ́. Ẹni tí ebi ń pa nílò oúnjẹ. Ẹni tí ogun lé nílò ilé àti ààbò. Ìfaradà ọkàn kò lè dípò wọn. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí èèyàn ṣì wà ní ìdúró nígbà tó bá ń wá wọn.

Tíì mẹ́ta nírọ̀lẹ́

Lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀, ohun mìíràn tí ẹ máa rí ní àdúgbò Ouagadougou ni ìjókòó tíì. Grin ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ á gbé àga síwájú ilé, wọ́n á gbé ìkòkò tíì kékeré ka iná èédú, wọ́n á sì máa bu tíì tútù ilẹ̀ China láti inú ife kan sí èkejì títí yóò fi hó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń mu ún. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ti àkọ́kọ́ korò bí ikú, ti ìkejì rọ̀ díẹ̀ bí ayé, ti ìkẹta sì dùn bí ìfẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti jókòó pẹ́. Inú ìjókòó pípẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde: gbèsè, àìríṣẹ́, ìyá tó ń ṣàìsàn lábúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kò ṣeé gbà mọ́. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Wọ́n ń dá àjọ, èyí tí wọ́n ń pè ní tontine lédè Faransé. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó jọ náà ni wọ́n ń gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan kò yá, pé ọkọ ẹnì kan kò tíì padà.

Àwa náà mọ èyí dáadáa. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà bá lójijì, lára wọn ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Èjìgbò tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan fi ọjà sílẹ̀, àwọn kan fi ilé sílẹ̀. Wọ́n ti ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àjọ àti ẹgbẹ́ àdúrà kí ọjọ́ burúkú yẹn tó dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, onímọ̀ Emmy Werner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 698 tí wọ́n bí ní ọdún 1955 títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Àwọn kan nínú wọn dàgbà nínú òṣì, ìjà òbí àti àìsàn. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn ọmọ tó wà nínú ewu yẹn dàgbà di èèyàn tó ṣeé gbára lé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni pé ó kéré tán, àgbàlagbà kan wà tó fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn: ìyá àgbà, olùkọ́, àǹtí tàbí aládùúgbò.

Ní Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2006 ní Harare. Ó kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara àwọn tó jókòó níbẹ̀ balẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Àròjù ni àwọn Shona ń pe àárẹ̀ náà lédè tiwọn. Yorùbá náà ti sọ ọ́: àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé níbi tí ogun bá wà, nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn márùn-ún ló ní àárẹ̀ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ nínú ìpayà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú márùn-ún kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín jù nínú ilé.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lónìí

- Ẹ ní ẹnì kan tí ẹ kò ní parọ́ "a dúpẹ́" fún. Ẹnì kan péré tó. Ẹ jọ fẹnu kò pé tí ẹnì kan bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé "ṣé lóòótọ́?", òótọ́ ni ẹnì kejì máa sọ.

- Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín. Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ojúlùmọ̀ yín, ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé "tí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí". Ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá kì í lè pe ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn lọ. Ẹ gbé omi, ẹ fọ abọ́, ẹ bá a mú ọmọ lọ sílé ìwé.

- Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sunkún. "Ọkùnrin kì í sunkún" ti sin ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ẹkún kò dí akin lọ́wọ́.

- Tí àyà yín bá ń já, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ mí sínú, ẹ wá mí síta díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Ẹ wo ohun tó yí yín ká, ẹ tẹ́tí sí ohun tí ẹ ń gbọ́. Irú èyí wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí WHO gbé jáde ní ọdún 2020 fún àwọn tó wà nínú wàhálà. Kò ní lé ìṣòro náà lọ, àmọ́ ó máa dá yín padà sí ibi tí ẹ wà.

- Ẹ dín fídíò ìpànìyàn tí ẹ ń wò kù. Tó bá ti wọlé sórí WhatsApp, kò di dandan kí ẹ ṣí i, kò sì yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní òru.

- Lójoojúmọ́, ẹ yan ohun kékeré kan tó wà níkàáwọ́ yín, kí ẹ sì ṣe é tán. Ilé gbígbá, ìrìn díẹ̀, ewébẹ̀ bíbomirin. Ọkàn tó rí i pé ọwọ́ òun ṣì ká nǹkan kan kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì.

- Tí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣe é. Rakiire dùn nítorí pé ọ̀tún ń ta òsì, òsì náà ń ta ọ̀tún. Tí ẹnì kan bá ń ta, tí ẹnì kejì kò lè dá a padà, ìfìyàjẹni nìyẹn.

Ìgbà wo ni ó di ti dókítà?

Tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn kò lè sùn tàbí tó ń sùn ní gbogbo ìgbà, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Tí ó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ní Ouagadougou, ilé ìwòsàn Yalgado Ouédraogo ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ní Nàìjíríà, Aro wà ní Abẹ́òkúta, Yaba wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Ní Cotonou, Jacquot wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń tijú láti dárúkọ Aro. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní ọdún 1954 tí aráyé wá wò. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Oògùn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, èèyàn náà ń ṣe tirẹ̀. Lambo kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Torí náà, ẹ̀yin ará, kí alẹ́ tó lẹ́ lónìí, ẹ ronú kan ẹnì kan tó ti ń sọ pé "kò burú" láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ kò sì bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu. Ẹ lọ jókòó tì í. Kò pọn dandan kí ẹ ní ìmọ̀ràn lẹ́nu. Ẹ sáà lọ, kí ẹ sì jókòó pẹ́ níbẹ̀.